Omi Tútù fún Oníná

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ fún mi pé ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, èmi gan-an sì ti kọ òwe yẹn sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kò wọ̀ mí létí rí. Bí mo ṣe fẹ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi yìí, inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú, kó tètè gba ibòmíì lọ.

Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi jó irin pọ̀: géètì, fèrèsé onírin, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, àga tí wọ́n ń tò sí gbọ̀ngàn ńlá. Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Páànù ni wọ́n fi bo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òkè délẹ̀, inú ibẹ̀ sì máa ń gbóná débi pé ìta ni àwọn oníbàárà ti ń bá a sọ̀rọ̀. Òun ò mọ̀ ọ́n lára. Tó bá jáde sínú oòrùn ọ̀sán, á ní atẹ́gùn ti pọ̀ jù, á lọ wọ jákẹ́ẹ̀tì. Apá rẹ̀ méjèèjì kún fún àpá kéékèèké níbi tí iná ti ta sí i, kò sì sí ọ̀kan tó lọ fi han dókítà nínú wọn.

Bó ṣe ṣe ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n ní tirẹ̀ ga, wọ́n fún un lóògùn, ó lò ó fún oṣù kan, ó ní ó ń jẹ́ kó máa rẹ òun níbi iṣẹ́. Mo bá a jà títí ohùn mi fi há. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sọ́nà jíjìn, èmi àbúrò rẹ̀ nìkan ló kù nílé tó lè pariwo mọ́ ọn. Ó gbọ́ ariwo mi bí ẹni tó ń gbọ́ òjò lórí páànù. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí bàtà ò gbà á mọ́ ló tó gbà pé ohun kan ń ṣe òun, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì sì ti bà jẹ́ tán kó tó gbà.

Dókítà là á yé wa pé ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ó tẹnu mọ́ wákàtí mẹ́rin náà. Bí kò bá pé, ìdọ̀tí á ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀, omi á ṣẹ́ kù sí àyà. Béèyàn bá já a sọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ara á gbé e. Bó bá ń já a sọ́nà lemọ́lemọ́, ikú ni.

Yàrá gígùn kan ni wọ́n ti ń ṣe é. Àga mẹ́jọ tó ṣeé nà sílẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́jọ tó ga tó èèyàn, aago ńlá kan lára ògiri tí gbogbo ojú ń wò. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nulẹ̀ máa ń tẹ̀ lé wa délé. Wọ́n ti so iṣan méjì pọ̀ sí i ní apá òsì kí abẹ́rẹ́ lè máa rí ibi wọlé, téèyàn bá gbé ọwọ́ lé e, á máa gbọ̀n rìrì. Ẹ̀gbọ́n mi a máa pe àwọn àlejò kí wọ́n wá fọwọ́ kàn án. "Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ wẹ́dà sí mi lápá," bó ṣe ń wí nìyẹn, á sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán. Tó bá ti di bíi wákàtí kẹta, á yán. Mo kọ́ láti máa bẹ̀rù yíyán yẹn. Ẹlòmíì á yán, oorun ló ń kùn ún. Tirẹ̀, lẹ́yìn tó bá yán, òógùn á bò ó, iṣan á fà á lẹ́sẹ̀ táá fi máa lọgun, ojú rẹ̀ á yí, á sì dákú. Ìfúnpá tó jẹ́ àádóje nígbà tó jókòó á ti di àádọ́rin. Àwọn nọ́ọ̀sì á sáré, wọ́n á dà á dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n á dá omi oníyọ̀ padà sí i lára, wọ́n á sì pa ẹ̀rọ. Ká lọ sílé. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló pé wákàtí mẹ́rin. Orí ìjókòó ló ti ń sùn nílé, nítorí tó bá nà gbalaja, omi àyà kì í jẹ́ kó mí.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gba ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi, ó fi sórí àga.

"Mi ò lọ mọ́," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pa mí lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bíi tàwọn èèyàn yòókù."

"Bọ̀dá mi, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì yín. Tẹ́ ò bá wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe wọ́ yín lọ."

Ó wọ̀ ọ́. Ó mọ̀ pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì kan tí mo sọ ní Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ẹnu rẹ̀, fa àga sún mọ́ wa. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Bàbá, tí ooru bá ń mú yín, ṣé ẹ máa ń rí bí iṣan ọwọ́ yín ṣe ń yọ síta?"

"Mo máa ń rí i."

"Tí òtútù bá wá mú yín ńkọ́?"

"Wọ́n á sá wọlé."

"Ẹ káre. Ẹ̀rọ yìí ń fa omi jáde lára yín. Omi míì tó ń gba inú ẹ̀ kọjá láti fi fọ ẹ̀jẹ̀ yín, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun náà ń mú yín gbóná. Iṣan wá fẹ̀ nígbà tí ohun tó wà nínú ẹ̀ ń dín kù."

Ẹ̀gbọ́n mi ronú díẹ̀. "Páìpù ti tóbi ju omi inú ẹ̀ lọ. Kò lè rí agbára gun òkè."

"Orí yín ni òkè yẹn, Bàbá. Tá a bá jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tutù díẹ̀, iṣan á fún, ìfúnpá á dúró. Ó kàn jẹ́ pé òtútù á máa mú yín."

Ó lọ bá dókítà, dókítà sì kọ ọ́ sínú fáìlì: kí wọ́n gbé ìgbóná omi ẹ̀gbọ́n mi wálẹ̀ sí ìwọ̀n márùndínlógójì àbọ̀. Mẹ́tàdínlógójì ni ti gbogbo àwọn yòókù. Inú ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ò dùn sí i. Obìnrin kan tó ń kó kọ́kọ́rọ́ rìn ni, àràárọ̀ ló ń lọ káàkiri yàrá náà láti rí i pé nọ́ńbà kan náà ló wà lójú ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. "Bí wọ́n ṣe gbé e wá látilẹ̀ nìyẹn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, bí ẹni pé inú ìwé mímọ́ ló ti kà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ló kọ ìwé, obìnrin náà yínmú, ó kọjá lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò yán. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló pé wákàtí mẹ́rin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fọn, ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń hanrun lálàáfíà. Lóòótọ́, ó ń ráhùn. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì fún un, mo fi fìlà olówùú dé e lórí. Mo fẹ́ gbé rọ́bà omi gbígbóná sí i láyà, Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ ní rárá, ìyẹn á ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé tirẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Oníná ti di oníyìnyín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dá a lóhùn. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kì í gba yẹ̀yẹ́ kó má san án padà.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ padà. Ó dákú ní Ọjọ́ Ajé. Ó dákú ní Ọjọ́rú. Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì, a pè é, a pè é, kò dáhùn fún bí ìṣẹ́jú méjì, mo sì rò pé ó ti parí. Bí wọ́n ṣe ń dá omi padà sí i lára ni mo gbójú sókè wo ẹ̀rọ. Mẹ́tàdínlógójì ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe márùndínlógójì àbọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ ọmọ aráyé ní nọ́ńbà, ẹnì kan ò lè tàn mí lórí nọ́ńbà.

Orí mi gbóná. Mo yíjú sí Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́, mo sì lo ohùn tí mo fi ń pe àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn pápá.

"Kí ló wà lójú ẹ̀rọ yìí?"

Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. "Mà, márùndínlógójì àbọ̀ ni mo gbé e sí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

"Irọ́ lo pa. Ọ̀gá ẹ ti bá ẹ sọ̀rọ̀, o ti yí i padà kí ara lè rọ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi lo fẹ́ fi tọrẹ."

Gbogbo àga mẹ́jọ gbọ́ ọ. Ojú Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ kún fún omi, ó ń bá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó gbé dání lọ. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì jáde láti ọ́fíìsì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti ń wá ẹ̀bi nọ́ọ̀sì yẹn tipẹ́, èmi ni mo bá a gbé e wá sórí àwo. Kó tó di Ọjọ́ Ajé, wọ́n ti fún Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ ní lẹ́tà ìbáwí, wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú ń tì mí láti sọ: inú mi dùn.

Lọ́jọ́ Ajé náà, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ló gba iṣẹ́. Mo dúró tì í títí tó fi tẹ márùndínlógójì àbọ̀. Mo ní kó tún un kà fún mi, ó kà á. Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún tó pọ̀, mo sì mọ ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mú ẹni tó ń jíwèé wò: kéèyàn ṣe bí ẹni tó jáde ni.

"Bọ̀dá mi, mo ń lọ ra omi mímu," mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo yàrá lè gbọ́. Mo jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, mo gba tẹ̀yìn wọlé, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì tó wà níbi àga tó ṣófo. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ni mo ń dè.

Ọmọ tó bá fẹ́ jíwèé wò, ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń wò. Lẹ́yìn náà á wo àjà, bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ á gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo àjà. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá àyà, ó tẹ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣe é wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń yí iná ẹ̀rọ wẹ́dà rẹ̀ sókè láì wò ó. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo jáde, mo sì gbá ọwọ́ náà mú lórí ẹ̀rọ níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," mo ní. "Ẹ̀yin fúnra yín ni."

"Ọmọ yìí, o dẹ́rù bà mí."

"Ọjọ́ mélòó lẹ ti ń ṣe é?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tí mo bá ti fẹ́ yán, màá dá a padà kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ Ẹtì ni mi ò tètè dá a padà." Kò tilẹ̀ wojú mi. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin náà ti sáré dé, ó tẹ nọ́ńbà náà wálẹ̀ padà, ó sì fi wá sílẹ̀.

"Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nítorí yín. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń bú u."

"Mo ti dákú nígbà yẹn."

"Ṣé ẹ ṣì dákú ní Sátidé? Ṣé ẹ dákú lánàá?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣé o rántí àárọ̀ ọjọ́ tí mo ní kó o máa lọ sílé ìwé, pé màmá wa ṣì ń sùn?"

Mo rántí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ó so okùn bàtà mi fún mi lọ́jọ́ yẹn, ohun tí kì í ṣe.

"Wọn ò sùn. Mo ti lọ jí wọn. Mo di ọwọ́ wọn mú, ó ti tutù." Ó wo apá òsì rẹ̀ níbi tí rọ́bà ẹ̀jẹ̀ ti wọ̀ ọ́. "Òtútù yẹn gan-an lẹ̀rọ yìí ń tì sí mi lára. Á wọlé níbí, á dé èjìká, á máa bọ̀ láyà. Èmi náà mọ̀ pé tí mo bá gbé e sókè màá dákú. Mo ní ó sàn kí n kú sínú ooru."

Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. A ti jọ jẹun, a ti jọ jà, a ti jọ sin ìyàwó rẹ̀, kò sọ ọ́ fún mi rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ jù. Inú bí mi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá dá nǹkan bẹ́ẹ̀ gbé. Inú bí mi pé ó gbé e títí tó fi fẹ́ pa á, tó sì fi ba tẹlòmíì jẹ́. Inú bí mi sí ara mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí mo mọ̀ pé ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì, mo ṣàlàyé. Ó ní lẹ́tà ti jáde, pé ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ló ni ẹ̀bi ẹ̀rọ. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi wádìí kó tó kọ lẹ́tà. Ó ní ṣebí èmi ni mo pariwo. Ìyẹn náà ń bí mi nínú títí dòní.

Mo bá Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ láàárín fáìlì tó ga dé àjà. Mo kúnlẹ̀, èmi arúgbó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ti màmá wa.

"Ẹ dìde, mà."

"Dárí jì mí."

"Inú ń bí mi, mà. Ẹ jẹ́ kó ṣì máa bí mi fúngbà díẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn ju ìdáríjì lọ. Ó wá ní, "Wákàtí mélòó ni Bàbá ṣe lónìí?"

"Mẹ́ta àbọ̀. Ó ní òun ò lè fara dà á mọ́."

"Ẹ máa di ọwọ́ wọn mú. Ọwọ́ èèyàn ò gbóná tó rọ́bà omi, kò lè ba iṣẹ́ jẹ́."

Ní Ọjọ́rú, kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n pe ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Ó dìde dúró pẹ̀lú fìlà olówùú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè níwájú gbogbo àga mẹ́jọ. "Ọwọ́ yìí ló yí i," ó ní. "Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Ẹ dá a padà síbí." Ọ̀gá ní òun á wò ó. Mo ti kọ lẹ́tà méjì lórí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn, ẹ̀kẹta wà nínú báàgì mi.

Ó jókòó, wọ́n gbé omi rẹ̀ sí márùndínlógójì àbọ̀, mo sì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú.

"O ń dì mí mú bí olè."

"Olè ni yín."

Ní wákàtí kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbìyànjú láti gba ọwọ́ rẹ̀, n kò fún un. Ní wákàtí kẹta, kò yán. Ó kàn ń wo aago, omijé ń dà lójú rẹ̀, èmi náà ń wo aago, inú ń bí mi sí i, sí ẹ̀rọ, sí àárọ̀ ọjọ́ yẹn àti okùn bàtà tó so fún mi. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní, "Ó ti tó. Ọwọ́ ẹ ti tutù ju tèmi lọ."

Òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ti kú, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

"Ṣé òkú ni mí?" mo bi í.

Ó wò mí pẹ́. "Rárá," ó ní.

"Ẹ wá jókòó jẹ́ẹ́." N kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ títí aago fi lù.